Ihò Róbótó Lára Ìwé Ẹni Tó Fìdí Rẹmi

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kí aago mẹ́jọ tó lù, máàkì mọ́kànlélógójì pòórá lára ọmọ ọmọ mi. Kò sí ẹni tó nà án. Kò sí ẹni tó bá a gbá bọ́ọ̀lù. Kò tilẹ̀ sí ẹni tó fọwọ́ kan rákẹ́ẹ̀tì ní gbogbo ìlú Ìlá láti ọjọ́ mẹ́wàá, nítorí òjò àkọ́rọ̀ jò wọ inú kóòtù, pákó ilẹ̀ rẹ̀ sì wú bí ikùn mi lẹ́yìn iyán. Síbẹ̀, ìwé tí akọ̀wé kílọ́ọ̀bù lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn sọ pé Tolúwalọpẹ́, tó wà lókè téńté nínú àwọn obìnrin lọ́sẹ̀ tó kọjá, ti di ẹnì kejì.

Sùkúáàṣì ni mò ń sọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó fojú inú wo èèyàn méjì tí wọ́n tì mọ́ inú yàrá kan, tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré mọ́ ògiri, tí wọ́n ń sáré kiri bí ẹni tí ìjàlọ wọ inú ṣòkòtò rẹ̀. Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bọ́ọ̀lù náà bà mí ní ìdí, àwọn tó ń wò sì ní ibẹ̀ nìkan ni kò lè ṣàì bà.

Èmi Abọ́sẹ̀dé Bámgbóyè fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní Òṣogbo kí n tó fẹ̀yìntì wá sílé. Màmá Ìsípẹ́kítọ̀ ni wọ́n ń pè mí. Mo ti mú olè, mo ti mú ajínigbé, mo ti mú pásítọ̀ kan tó jí àga ìjọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, nígbà tí Tolúwalọpẹ́ pè mí lórí fóònù tí kò sì lè sọ̀rọ̀, tó kàn ń mí, mo sáré jáde pẹ̀lú sálúbàtà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún àti bàtà ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́sẹ̀ òsì. Mo dé ẹnu ọ̀nà kílọ́ọ̀bù kí n tó mọ̀ pé mò ń tiro.

Ohun tó ń dun ọmọ náà kì í ṣe kékeré. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, wọ́n máa fi orúkọ ọmọbìnrin tí máàkì rẹ̀ ga jù ránṣẹ́ sí Òṣogbo. Ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni náà ni yóò lọ sí àgọ́ ìgbaradì ìpínlẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sì ti wọ yunifásítì. Ọmọbìnrin mi ló bí Tolúwalọpẹ́ fún àgbẹ̀ olóbì kan, Àjíṣafẹ́, ní Iresi. Ọdún méjì ni ọmọ yẹn fi ń gun ọ̀kadà láti Iresi wá sí Ìlá lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, pẹ̀lú rákẹ́ẹ̀tì kan tí mo fi òwú pupa rán ọwọ́ rẹ̀. Tí orúkọ rẹ̀ kò bá lọ lọ́jọ́ náà, inú oko obì ló ń padà sí.

Mo dúró níwájú ilẹ̀kùn yẹn, mo sì búra. Mo ní ẹni tó ṣe é, mi ò ní fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, nítorí mo mọ àwọn ọlọ́pàá, wọ́n á fún un ní àga. Èmi fúnra mi ni màá fi ìyà jẹ ẹ́, màá sì jókòó wò ó títí á fi tán.

*

Akọ̀wé kílọ́ọ̀bù, Adétúnbọ̀, jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ọkùnrin ẹni ogójì ọdún ó lé díẹ̀ ni, ẹ̀wù rẹ̀ a máa gún régé, òórùn lọ́fínńdà rẹ̀ a sì ṣíwájú rẹ̀ wọlé. Ọwọ́ rẹ̀ kan wà lórí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń lu ìwé ní ihò ní ọ́fíìsì. Bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́ ṣeré, kẹ́, kẹ́, kẹ́.

Ó kí mi dáadáa, ó gbé àga fún mi, ó sì ṣàlàyé bí ẹni tó ń bọ́ ọmọ lóúnjẹ. Olúkúlùkù ló ní máàkì tirẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Bí ẹni tó ní 600 bá na ẹni tó ní 400, ẹ̀rọ á ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, á já ẹyọ kan tàbí méjì lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n nà, á fi fún ẹni tó borí. Ṣùgbọ́n bí ẹni 400 bá lọ na ẹni 600, ẹnu á ya ẹ̀rọ, á bu máàkì rẹpẹtẹ lára ẹni gíga, á dà á sí ọwọ́ ẹni kékeré. Ohun tí ẹnì kan bá pàdánù, ọwọ́ ẹlòmíràn ló bọ́ sí.

Mo ní ó yé mi. Bí èmi àti ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé bá jọ jó tó sì jó jù mí lọ, ta ni yóò sọ̀rọ̀? Ṣùgbọ́n bí èmi bá jó jù ú lọ, gbogbo ilé ọkọ rẹ̀ ni yóò máa wò ó pẹ̀lú ìfura.

Ó rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé ìgbà wo ni Tolúwalọpẹ́ jó jù ẹnikẹ́ni lọ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀rín náà kò kúrò lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dúró síbẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sórí okùn.

"Oṣù Kejìlá," ó ní. "Èmi ni. Máàkì méjìdínlọ́gọ́ta, Màmá, láàárín ogójì ìṣẹ́jú."

Mo rántí. Ọmọ náà ṣì kéré ní máàkì nígbà náà, akọ̀wé sì wà ní ipò kejì nínú gbogbo kílọ́ọ̀bù. Ó ti mú àwọn àna rẹ̀ wá wò ó. Gémù mẹ́ta sí òdo. Láti ìgbà yẹn, ipò kẹsàn-án ló wà, kò tíì gòkè.

Mo bi í wàyí pé ta ni Tolúwalọpẹ́ bá gbá bọ́ọ̀lù tí mọ́kànlélógójì fi lọ. Ó ní kò bá ẹnikẹ́ni gbá a. Ó ní ẹni tí kò bá gbá bọ́ọ̀lù fún ìgbà díẹ̀, máàkì rẹ̀ á máa jẹrà fúnra rẹ̀. Kẹ́, kẹ́.

Mo dìde, mo lọ wo ìwé ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn obìnrin mẹ́wàá tó ga jù nìkan ló wà níbẹ̀. Purity wà lókè pẹ̀lú 598, Tolúwalọpẹ́ tẹ̀lé e pẹ̀lú 571. Purity kò gbá bọ́ọ̀lù fún ọjọ́ mẹ́wàá pẹ̀lú. Kí ló dé tí tirẹ̀ kò jẹrà?

*

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan kí n tó tẹ̀síwájú. Orúkọ Purity yẹn mú inú mi dùn lọ́nà burúkú, nítorí ọmọ ọmọ Adéyẹmí ni, Adéyẹmí alága kílọ́ọ̀bù. Ní 1978, Adéyẹmí ṣèlérí pé òun máa fẹ́ mi. Mo ti rán aṣọ. Ó wá lọ fẹ́ ọmọ katikíìsì, ó ní ohùn mi ti pọ̀ jù. Ọdún tó lé ní ogójì ni mo ti ń wá ẹ̀sùn tí màá fi kàn án. Ẹni méjì péré ló sì mọ ọ̀rọ̀ aṣínà tó ń ṣí ẹ̀rọ máàkì yẹn: akọ̀wé àti alága. Mo ní ọwọ́ mi bà á lónìí.

Mo bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ní Ìsẹ̀dó, ó ń bó ọsàn. Ó wo ẹsẹ̀ mi méjèèjì.

"Abọ́sẹ̀dé, ṣé oríṣi bàtà méjì ni wọ́n ń wọ̀ báyìí?"

Mo ní kó fi bàtà mi sílẹ̀, kó sọ ohun tó ṣe sí máàkì ọmọ mi. Ó ní òun kò mọ nǹkan kan. Mo ní irọ́ ni. Mo ka gbogbo ìwà rẹ̀ láti 1978 sí i létí, àwọn ará ilé kejì yọjú, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó ń jẹ ọsàn rẹ̀ lọ.

Purity ló jáde sí wa. Ọmọ ogún ọdún ni, ó ga, ó kúnlẹ̀ kí mi kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní òun ti rí ìwé náà, inú òun kò sì dùn sí i. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni Tolúwalọpẹ́ ti na òun, ẹ̀ẹ̀kan ni òun nà án.

"Màmá, mi ò fẹ́ kí wọ́n gbé mi gba ojú fèrèsé wọ àgọ́," ó ní. "Gbogbo wọn níbẹ̀ ló máa mọ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo bá mú rákẹ́ẹ̀tì."

Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn tọ́, ṣùgbọ́n ọmọ lè tọ́ kí bàbá àgbà rẹ̀ wọ́. Mo bẹ Adéyẹmí pé kó tẹ orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú kílọ́ọ̀bù jáde fún mi, kì í ṣe ti àwọn mẹ́wàá nìkan. Mi ò ní kó ṣí àkọsílẹ̀ ìdíje Tolúwalọpẹ́ fún mi. Bó bá jẹ́ òun ló ṣe é, á mọ ibi tí mò ń wò, á sì nu ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ kí n tó dé ibẹ̀. Ó wọlé lọ sídìí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó nà án sí mi pẹ̀lú ọsàn kan. Mo gba ìwé, mo kọ ọsàn. Nígbà tí mo dé ìta ni mo rí i pé ọsàn náà wà nínú àpò mi.

*

Ṣàkírátù ló ń tọ́jú kóòtù. Obìnrin bíi ti èmi ni, ó sanra, kò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, kò sì gbàgbé nǹkan. Mo bá a nídìí ilẹ̀kùn, ó ń jẹ obì tó di sínú ìwé. Mo wo ìwé náà dáadáa. Orúkọ gbogbo ọmọ kílọ́ọ̀bù ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni, tí akọ̀wé dà nù. Mo gba ìwé, mo fi obì sílẹ̀ fún un.

Mo tẹ́ ìwé méjèèjì sórí ẹsẹ̀ mi, mo sì ń fi èékánná tẹ̀lé orúkọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orúkọ mẹ́tàdínlógójì. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kò yí padà rárá, títí kan Adéyẹmí tí kò di rákẹ́ẹ̀tì mú láti ìgbà Kérésìmesì. Nítorí náà irọ́ ni ti ìjẹrà. Mẹ́rin péré ló yí. Tolúwalọpẹ́ lọ sílẹ̀ ní mọ́kànlélógójì. Kùdírátù lọ sílẹ̀ ní méjì. Ọmọ́tọ́lá lọ sílẹ̀ ní ẹyọ kan. Àwọn mẹ́ta yìí jẹ́ mẹ́rìnlélógójì lápapọ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àsíìsì, olùkọ́ ní Ọ̀tan Ayégbajú, gòkè láti 430 dé 474.

Mẹ́rìnlélógójì géérégé. Ohun tí ẹnì kan bá pàdánù, ọwọ́ ẹlòmíràn ló bọ́ sí; akọ̀wé fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi.

Ìdíje kan ti wọ inú ẹ̀rọ nìyẹn, níbi tí Àsíìsì kékeré ti na Tolúwalọpẹ́ ńlá. Ṣùgbọ́n kí ló kan Kùdírátù àti Ọmọ́tọ́lá? Mo pe Tolúwalọpẹ́, tó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú ojú tó ti wú, mo bi í. Ó ní bí wọ́n bá fi ìdíje àtijọ́ sínú ẹ̀rọ lónìí, ọjọ́ tí wọ́n bá ní wọ́n gbá a ni ẹ̀rọ yóò fi í sí, yóò sì tún gbogbo ìṣirò ṣe láti ọjọ́ náà wá. Ẹni tó bá pàdé òun lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, tirẹ̀ á mì díẹ̀. Ẹni tó pàdé òun ṣáájú, kò ní mì.

"Ìgbà wo lo pàdé Kùdírátù àti Ọmọ́tọ́lá?"

"Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kejì, Màmá àgbà."

"Ta lo pàdé ṣáájú wọn?"

"Peace ni, ọjọ́ kẹta oṣù kejì."

Mo wo Peace lórí ìwé. Kò mì. Ìdíje irọ́ náà gbọ́dọ̀ ti bọ́ sí àárín ọjọ́ kẹta àti ọjọ́ kẹtàdínlógún. Ọjọ́ Sátidé nìkan ni wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù tí máàkì wà fún. Sátidé kan ṣoṣo ló wà láàárín méjèèjì: ọjọ́ kẹwàá.

Mo bi Ṣàkírátù wò nípa ìwé ọjọ́ náà. Ní kílọ́ọ̀bù yìí, ẹni tó bá fìdí rẹmi ló ń gbá kóòtù mọ́, kí ẹni tó borí lè rí àyè ṣògo. Bó bá gbálẹ̀ tán, òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́ sí ìwé pélébé pé ẹni báyìí ló na òun, á mú ìwé àti ìgbálẹ̀ padà fún Ṣàkírátù. Ṣàkírátù kò lè kà á. Ó máa ń fa ẹyọ kan yọ lára ìgbálẹ̀ náà ni, á fi gún ìwé náà ní ihò, á sì sín in mọ́ okùn tó so kọ́ yàrá rẹ̀. Sátidé kọ̀ọ̀kan ní kókó tirẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, á gbé okùn náà fún akọ̀wé kó tẹ gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ.

A ka ìwé kókó ọjọ́ kẹwàá. Mẹ́fà ni. Kò sí Tolúwalọpẹ́ nínú wọn, kò sì sí Àsíìsì.

*

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ọ̀tan. Ọlọ́kadà náà wò mí, ó wo táyà rẹ̀, ó sì gbàdúrà sókè kí n lè gbọ́. Gbogbo gegele ojú ọ̀nà ni egungun ìdí mi kà.

Mo bá Àsíìsì ní ilé rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún sórí àpótí, pí-ó-pí funfun tí wọ́n fi ń di egungun tó kán ti bò ó láti orúnkún dé ọmọ ìka, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sì ti ya àwòrán adìyẹ sí i. Ó sọ fún mi pé ọjọ́ kẹfà oṣù kejì ni ọ̀kadà gbé òun ṣubú nígbà tí òun ń bọ̀ láti oko ní Ire. Láti ọjọ́ yẹn, òun kò kúrò ní Ọ̀tan. Ẹnikẹ́ni ní Ìlá kò mọ̀, nítorí ojú ń ti òun. Òun ti fọ́nnu fún wọn pé òun mọ ọ̀kadà gùn.

Mo sọ fún un pé ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kejì, ó na ọmọ ọmọ mi ní gémù mẹ́ta.

Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wò mí. "Màmá," ó ní, "mo mà gbìyànjú o."

A jọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Lẹ́yìn náà ni inú bí mi padà, ó sì bí mi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹnì kan jókòó, ó yan ọkùnrin tí kò wá sí kílọ́ọ̀bù mọ́, tí kò ní wo máàkì rẹ̀, ó wá fi orúkọ rẹ̀ gún ọmọ mi lẹ́yìn.

*

Aago kan kù díẹ̀ ni mo padà dé Ìlá. Mo pe alága àti akọ̀wé sẹ́nu ọ̀nà kóòtù. Mo sọ fún wọn pé ìdíje kan wà lóṣù kejì tí kò ní ìwé ẹni tó fìdí rẹmi. Mi ò sọ ìdíje wo, mi ò dá orúkọ ẹnikẹ́ni. Mo ní màá wo okùn Ṣàkírátù ní aago mẹ́ta. Bí ìwé náà kò bá sí níbẹ̀, kí alága fagi lé ìdíje náà gẹ́gẹ́ bí òfin kílọ́ọ̀bù ṣe sọ. Adéyẹmí ní ó dára. Adétúnbọ̀ ní ó dára.

Ṣàkírátù lọ kírun Jímọ̀ọ̀, ó fi yàrá rẹ̀ sílẹ̀ láìtì bó ṣe máa ń ṣe. Mo kọ́kọ́ rò ó pé kí n wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kí n ṣọ́ ẹni tó máa wọlé. Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà. Mo rò ó pé bí mo bá wọlé, ọkùnrin mẹ́rin ló máa fà mí jáde. Mo lọ jókòó sábẹ́ máńgòrò, mo jẹ ọsàn Adéyẹmí. Ó dùn, èyí sì tún bí mi nínú.

Láti ibẹ̀, mo rí akọ̀wé tó wọ inú ilé tí yàrá náà wà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo rí alága tóun náà wọlé. Inú mi dùn. Mo ti ń to èébú tí màá bú u sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti orí 1978 wálẹ̀.

*

Ní aago mẹ́ta, gbogbo wa pé sí yàrá Ṣàkírátù: alága, akọ̀wé, Tolúwalọpẹ́, Purity, àti àwọn ọmọ kílọ́ọ̀bù bíi mẹ́wàá tí ariwo mi ti kó jọ. Mo ní kí Ṣàkírátù ka kókó ọjọ́ kẹwàá. Ìwé méje.

Mo yọ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Àsíìsì na Tolúwalọpẹ́ Àjíṣafẹ́, gémù mẹ́ta sí ọ̀kan. Tolúwalọpẹ́ ní kì í ṣe ọwọ́ òun. Adétúnbọ̀ ní ọwọ́ ẹni tó bá ń gbọ̀n lẹ́yìn ìdíje kì í rí bákan náà, àti pé ìwé ti wà, ọ̀rọ̀ ti parí, aago mẹ́rin sì ń bọ̀.

Mo fún Ṣàkírátù ní ìwé náà. Kò wo ohun tí wọ́n kọ, kò lè kà á. Ihò ló wò. Ó fi ìka kàn án, ó fi kan ti èkejì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Èyí kì í ṣe tèmi," ó ní.

Mo gbé ìwé mẹ́fà yòókù sókè kí gbogbo wọn rí i. Ihò wọn ya gátagàta, bí ibi tí eku ti jẹ, eruku pupa sì wà létí rẹ̀. Ti èkeje rí róbótó, ó mọ́ nigín, bí ẹni fi abẹ gé e.

Mo yíjú sí Adétúnbọ̀. Mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í pé kí ni Ṣàkírátù fi ń lu ìwé ní ihò.

"Ẹ̀rọ ọ́fíìsì ni," ó ní. "Kí ló tún kù tí wọ́n fi ń lu ìwé?"

Purity ló kọ́kọ́ tẹjú mọ́lẹ̀. Mo wá bi Adéyẹmí ní ìbéèrè kan náà, ọkàn mi sì ń bẹ ẹ́ pé kó ṣì í.

"Ẹyọ ìgbálẹ̀ ni," Adéyẹmí ní. "Èmi tí mo ti gbá ilẹ̀ yìí tó ogún ìgbà, ṣé mi ò ní mọ̀ ni? Mo wá wò ó lẹ́ẹ̀kan nínú ọ̀sán yìí bóyá ìwé tí o ń wá ti já bọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

Ọdún tó lé ní ogójì, ẹ̀sùn mi tún já sófo. Ẹ̀rín ara mi pa mí níbẹ̀, mo fọwọ́ ti ògiri.

Gbogbo ẹni tó ti fìdí rẹmi rí ní kílọ́ọ̀bù yẹn ló ti dúró níwájú Ṣàkírátù, tó ti rí i bó ṣe ń fa ẹyọ ìgbálẹ̀ yọ. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò dúró níwájú rẹ̀ rí. Ṣàkírátù ló sọ ọ́ síta. Ó ní akọ̀wé kì í gbálẹ̀ bó bá fìdí rẹmi; lóṣù Kejìlá pàápàá, nígbà tí Tolúwalọpẹ́ na akọ̀wé níwájú àwọn àna rẹ̀, akọ̀wé sọ ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó wọ mọ́tò lọ. Tolúwalọpẹ́ ló gbálẹ̀ fún un, tó sì kọ ìwé fún un. Ihò ojú ìwé ni akọ̀wé ń rí láti ọjọ́ yìí wá. Kò rí ọwọ́ tó ń lù ú.

Mo pe Àsíìsì lórí fóònù, ó gbé fóònù sí pí-ó-pí rẹ̀, gbogbo wa rí adìyẹ àwọn ọmọ kíláàsì. Adétúnbọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Títí dòní, àna mi ọkùnrin ń bi mí pé báwo ni ọmọbìnrin yẹn ṣe wà," ó ní. "Nídìí oúnjẹ. Mo fẹ́ kí ọmọbìnrin náà mọ bó ṣe ń dunni kí wọ́n fa èèyàn bọ́ sílẹ̀ láti òkè."

Mo ní ó ti mọ̀. Mo ní kó dìde, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kí aago mẹ́rin lù.

Ọwọ́ ara rẹ̀ ni mo mú kó fi yọ ìdíje náà kúrò, gbogbo wa dúró lé e lórí. Máàkì Tolúwalọpẹ́ padà sí 612. Kùdírátù padà, Ọmọ́tọ́lá padà, Àsíìsì já bọ́ sí 430 tirẹ̀. Adéyẹmí fi orúkọ ránṣẹ́ sí Òṣogbo nígbà tí aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Tolúwalọpẹ́ kò sunkún. Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í so okùn bàtà rẹ̀.

Adéyẹmí gba kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lọ́wọ́ akọ̀wé, ó ní òun fẹ́ pe àgọ́ ọlọ́pàá. Mo ní kó fi fóònù sílẹ̀. Mo bi Tolúwalọpẹ́ pé kí ló fẹ́.

"Kó wọ inú kóòtù," ó ní. "Kí ẹ sì jẹ́ kí máàkì wà fún un."

Pákó ilẹ̀ ti gbẹ. Mo ní kí wọ́n ṣí fèrèsé gbogbo, mo sì ní kí wọ́n pe àwọn àna akọ̀wé, ilé wọn kò jìnnà. Wọ́n wá. Bàbá náà gbé àga tirẹ̀ dání.

Mi ò ní sọ gbogbo rẹ̀. Mọ́kànlá sí méjì, mọ́kànlá sí mẹ́ta, mọ́kànlá sí ẹyọ kan. Ọmọ náà kò sáré. Ó dúró láàárín, ó ń fi bọ́ọ̀lù rán ọkùnrin náà níṣẹ́ láti igun dé igun, bí ẹni ń rán ọmọ ọ̀dọ̀. Ẹ̀wù tó gún régé yẹn lẹ̀ mọ́ ọn lára bí ewé mọ́ọ́nmọ́ọ́n. Mo pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ mi fi gbóná.

Adéyẹmí tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ. Mo sáré lọ wo iye tí wọ́n já gbà lọ́wọ́ akọ̀wé. Mo ń retí ọgọ́ta, mo ń retí ọgọ́rùn-ún.

Ẹyọ kan.

Inú bí mi, mo ní ẹ̀rọ yìí ti gba rìbá. Tolúwalọpẹ́ fi aṣọ nu ojú rẹ̀, ó wá dúró tì mí.

"Màmá àgbà, lóṣù Kejìlá ẹnu ya ẹ̀rọ," ó ní. "Lónìí, kò yà á. Ó ti mọ̀ kí a tó wọlé pé bó ṣe máa rí nìyẹn."

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n Adétúnbọ̀ gbọ́. Mo rí i lójú rẹ̀. Méjìdínlọ́gọ́ta tí wọ́n já gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà kò dùn ún tó ẹyọ kan yìí. Mo fi ẹyọ kan náà sílẹ̀, mi ò bá ẹ̀rọ jà mọ́.

Ṣàkírátù na ìgbálẹ̀ sí akọ̀wé. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Bàbá àna rẹ̀ ti gbé àga síbẹ̀, ó ti jókòó. Adétúnbọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ń gbálẹ̀. Ṣàkírátù dúró dè é, ó ti mú ẹyọ ìgbálẹ̀ kan dání.

Èmi náà fa àga mi súnmọ́ ọ̀dọ̀ wọn, mo na ẹsẹ̀ mi méjèèjì, sálúbàtà lápá kan, bàtà ṣọ́ọ̀ṣì lápá kejì. Mo fi ti ṣọ́ọ̀ṣì tọ́ka sí igun ọwọ́ òsì.

Mo ní, "Akọ̀wé, ibẹ̀ yẹn ṣì kù."